Ẹ Má Kàn Kó Ọmọ Lọ Ya Fọ́tò Nídìí Ère Fájuyì

Ẹ bi ọmọdé kan l'Adó-Èkìtì pé kí ni Fájuyì. Ó ṣeé ṣe kó ní ibi tí àwọn ti ń bọ́ọ́lẹ̀ nínú mọ́tò ni. Àṣìṣe àkọ́kọ́ nìyẹn: à ń kó wọn dé iwájú ère láìtíì pa ìtàn kankan fún wọn nílé.

Èmi náà jẹ̀bi. Àbíkẹ́yìn mi bi mí níbẹ̀ pé, "Dádì, kí ló pa sójà yìí?" Mo yára ní ogun Biafra ni. Ìyá mi tó wà lábẹ́ ibòji dá mi lóhùn pé, "Má parọ́ fún ọmọ o, ogun ò tíì dé nígbà yẹn."

Òótọ́ ni. Ọjọ́ 29 oṣù Keje ọdún 1966 ni wọ́n pa Ọ̀gágun Adékúnlé Fájuyì; ọdún 1967 ni ogun bẹ̀rẹ̀. Àṣìṣe yìí ni mo ń gbọ́ jù lẹ́nu àwọn òbí. Àwọn sójà tó fẹ́ gbàjọba ló pa á. Òun ni gómìnà ológun fún Ìwọ̀-Oòrùn, ní Ìbàdàn, olórí ìjọba, Aguiyi-Ironsi, sì ni àlejò tó sùn sọ́dọ̀ rẹ̀. Àlejò ni wọ́n wá mú, àmọ́ àwọn méjèèjì ni wọ́n pa. Ohun tí àwọn àgbà wa ń sọ ni pé Fájuyì kọ̀ láti yọwọ́ lọ́rọ̀ àlejò rẹ̀.

Ẹ má sáré kọjá lórí ọ̀rọ̀ àlejò yẹn. Ó yé ọmọdé ju ọ̀rọ̀ ìjọba lọ. Tèmi béèrè pé ṣé kò lè gba ẹ̀yìnkùlé sá ni. Mi ò rí èsì fọ̀. Ẹni ogójì ọdún ni ọkùnrin náà. Mo ti jù ú lọ.

Ẹ má sì pè é ní "ère sójà". Ẹ dárúkọ ẹ̀, kẹ́ ẹ tú u fún wọn: uyì làwa Èkìtì ń pe iyì.

Ìyókù ò ṣòro. Ẹ má lọ lọ́sàn-án gangan, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gun ìdí ère, ẹ di ọwọ́ wọn mú títí ẹ ó fi sọdá títì.

Iyán ńkọ́? Ẹ̀yìn ìgbà tẹ́ ẹ bá wo ère tán ni kẹ́ ẹ jẹ ẹ́. Lọ́dún tá a jẹ ẹ́ ká tó wo ère, inú ọkọ̀ làwọn ọmọ sùn sí, èmi àti Màmá nìkan la wo ère.