Ìwé wo ni kí n rà fún ọmọ mi? Bẹ́ ẹ ṣe lè wá ìwé tuntun tọ́mọ máa kà parí

Tó bá ti ku díẹ̀ kí wọ́n gba họ́lídè báyìí, ìbéèrè kan náà ni wọ́n á máa bi mí, àwọn ìyá, àwọn tíṣà, kódà àwọn bàbá tí ò ṣí ìwé mọ́ látìgbà tí wọ́n ti ṣe WAEC: "Àǹtí, ìwé wo ni kí n rà fún ọmọ mi?" Èmi náà á sì bi wọ́n padà pé ọmọ wo? Torí ẹni tí ò bá wo ọmọ kó tó rajà, ìwé tóun fúnra ẹ̀ kà ní praímárì ló máa lọ rà, Eze Goes to School, Chike and the River, ìwé 1963 àti 1966 nìyẹn o. Kò sóhun tó ṣe wọ́n, ìwé gidi ni wọ́n, èmi náà ṣì ń fọ́mọ kà wọ́n. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ àwọn yẹn nìkan lọmọ ń rí, á kàn gbà pé ayé àwọn bàbá òun ni wọ́n ń kọ sínú ìwé, bẹ́ẹ̀ ìwé tuntun ń jáde tẹ́nì kankan ò sọ fún un.

Ẹ kọ́kọ́ wo ọmọ yẹn dáadáa

Ẹ má fọjọ́ orí bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́wàá méjì lè jókòó ti ara wọn, kí ọ̀kan ti máa ka ìwé tó nípọn, kí èkejì ṣì máa fìka tọ ọ̀rọ̀ lẹ́yìn lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sì sóhun tó ṣe èyíkéyìí nínú àwọn méjèèjì. Ohun tí mo máa ń bèèrè ni pé kí lọmọ yìí wò lórí fóònù tó ń rẹ́rìn-ín sí, kí lòun àtàwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ máa ń jiyàn lé lórí, ìwé wo ló kà dé ìparí kẹ́yìn. Tó bá ní òun ò tíì ka ìkankan parí rí, ẹ má bá a wí, ìdáhùn gidi nìyẹn, ó ti sọ ibi tẹ́ ẹ ti máa bẹ̀rẹ̀.

Ọmọkùnrin kan wà ládùúgbò wa, JSS2 ló wà, ìyá ẹ̀ ní kì í kàwé rárá. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ tó bá ń lọ síléèwé, ẹ máa rí i lọ́dọ̀ oníwèé ìròyìn tó wà ní jọ́ńṣọ̀n, láàárín àwọn bàbá tó máa ń ka pépà lọ́fẹ̀ẹ́ tí wọ́n á sì máa jiyàn òṣèlú, á ti ká gúọ́gúọ́ wọ àárín wọn, á tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó lè ka ẹ̀yìn pépà níbi tí wọ́n ń kọ ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù sí, báàgì lẹ́yìn, ètè ẹ̀ á máa mì. Ṣé ẹni tí kì í kàwé nìyẹn? Ìtàn ìgbésí ayé agbábọ́ọ̀lù lẹ máa fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ìwé tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní fọ́tò, tí orí kọ̀ọ̀kan nínú ẹ̀ ò gùn, tẹ́ ẹ bá sì rí magasíìnì bọ́ọ̀lù, ẹ fún un, ìwé kíkà náà ni. Ìtàn ìjàpá tẹ́ ẹ ń fi dandan fún un yẹn, ó ti gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá-ìyá ẹ̀ tipẹ́tipẹ́.

Níbi tí mo ti ń rí ìwé tuntun

Google nìkan ò tó o. Tẹ́ ẹ bá kàn ní kó wá ìwé tó dáa fọ́mọdé, ìwé Amẹ́ríkà àti ti London ló máa kó síta fún yín, ìdajì wọn yìnyín ló ń bọ́ nínú ẹ̀.

Ibi tó ń ràn mí lọ́wọ́ jù ni lísìtì ẹ̀bùn ìwé. Ẹ̀bùn tí NLNG, ilé iṣẹ́ gáàsì yẹn, ń fáwọn òǹkọ̀wé Nàìjíríà, The Nigeria Prize for Literature, tówó ẹ̀ tó $100,000, ó máa ń yí po láàárín ìtàn àròsọ, ewì, eré oníṣe àti ìwé ọmọdé, torí ẹ̀ ló ṣe jẹ́ pé lọ́dún mẹ́rin mẹ́rin ló ń kan àwọn ọmọdé. Ó kàn wọ́n ní 2007, 2011, 2015 àti 2019, kòrónà wá da ọwọ́ ẹ̀ rú ní 2020, ló fi jẹ́ pé 2024 ló tó tún kàn wọ́n. Ní 2015, àwọn adájọ́ ní kò séyìí tó kúnjú ìwọ̀n, wọn ò fún ẹnikẹ́ni. Ní 2019, Jude Idada ló gbà á pẹ̀lú Boom Boom, tó sọ̀rọ̀ sickle cell. Ní 2024, Olubunmi Familoni ló gbà á pẹ̀lú The Road Does Not End. Ṣùgbọ́n ẹ má wo ẹni tó gbà á nìkan. Kí wọ́n tó mú ẹnì kan, orúkọ ìwé mọ́kànlá ni wọ́n máa ń gbé síta ká tó wá gbọ́ pé wọ́n ti dín in kù sí mẹ́ta, mọ́kànlá yẹn ni kẹ́ ẹ kọ sílẹ̀. Àgbàlagbà ló ń dájọ́ ẹ̀ o, ohun tó wu àgbà sì lè má wu ọmọ, ìwé tó já bọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ lè jẹ́ èyí tọ́mọ yín máa gbé sábẹ́ pílò.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílùú òyìnbó, ẹ̀yin ní ẹ̀bùn ìwé ọmọdé bíi Carnegie ní Britain, Newbery àti Coretta Scott King ní Amẹ́ríkà, àmọ́ èyí tó sún mọ́ wa jù nínú gbogbo ẹ̀ ni Children's Africana Book Awards, tó jẹ́ pé ìwé ọmọdé tó dá lórí Áfíríkà tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà nìkan ni wọ́n ń yẹ̀ wò. Ẹ tún gba káàdì láíbùrárì àdúgbò yín, ọ̀pọ̀ wọn ló ń lo áàpù Libby, ẹ lè yá ìwé sórí fóònù láì san kọ́bọ̀. Mi ò mọ̀dí tẹ́nì kan tó ń sanwó orí ní Peckham ò ṣe ní gba káàdì láíbùrárì.

Ọ̀nà kejì: ẹ tẹ̀ lé òǹkọ̀wé, ẹ tẹ̀ lé àwọn tó tẹ̀wé. Tọ́mọ bá gbádùn ìwé kan, ẹ ṣí ojú ewé tí wọ́n kọ ọdún àtorúkọ ilé iṣẹ́ tó tẹ̀ ẹ́ sí, lẹ wá lọ wo kí ni wọ́n tún gbé jáde. Ẹ wo òǹkọ̀wé kan tó ń jẹ́ Atinuke, Ìbàdàn ni wọ́n ti bí i, Wales ló ń gbé báyìí. Ọmọ tó bá ti ka Anna Hibiscus tó sì fẹ́ràn ẹ̀, The No. 1 Car Spotter ti ń dúró dè é, lẹ́yìn ìyẹn Too Small Tola, ẹ ti ríṣẹ́ fún un fún odindi họ́lídè láì ronú mọ́. Nílé níbí, Cassava Republic, Ouida àti Farafina ń tẹ ìwé ọmọdé, Lantern Books náà wà tówó ẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ gani lára.

Ṣọ́ọ̀bù ńkọ́? Tẹ́ ẹ bá wà n'Íbàdàn, ẹ lọ sí Booksellers ní Jẹ́ríkò. L'Ékòó tàbí Àbújá, Rovingheights. Tẹ́ ẹ bá débẹ̀, ẹ má dúró ṣánṣán síwájú ṣẹ́ẹ̀fù bí ọlọ́pàá, ẹ lóṣòó, torí ìsàlẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń to tàwọn ọmọdé sí, èyí tó sì wà lókè tó dojú kọ yín, èyí tí wọ́n fẹ́ tètè tà ni. Ẹ bi ọmọ tó ń tajà ní ìbéèrè kan ṣoṣo: ìwé wo làwọn ọmọ máa ń padà wá bèèrè apá kejì ẹ̀? Ẹ má bèèrè èyí tó ń tà jù o, torí iléèwé ló ń ra èyí tó ń tà jù. Àti pé lóṣù Karùn-ún, ẹ máa fetí sí Nigeria International Book Fair l'Ékòó, ẹ máa rí àwọn tó tẹ̀wé gan-an níbẹ̀, owó ẹ̀ sì máa ń dínkù díẹ̀.

Fẹ́ni tówó ò sí lọ́wọ́ ẹ̀, African Storybook àti StoryWeaver wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni, ìtàn kéékèèké tó láwòrán, ẹ lè wà á sílẹ̀, ẹ sì lè tẹ̀ ẹ́ sórí pépà fún odindi kíláàsì, wọ́n fàyè ẹ̀ sílẹ̀. Ti Yorùbá wà níbẹ̀. Àmọ́ ẹ fúnra yín kọ́kọ́ kà á síta kẹ́ ẹ tó gbé e fọ́mọ, torí àwọn kan ò lámì ohùn rárá, àwọn míì sì rí bíi pé kọ̀ǹpútà ló kọ ọ́, gbólóhùn tí ìyá kankan ò ní sọ lẹ́nu láéláé. Èyí tó bá ti dún bákan lẹ́nu yín, ẹ fò ó.

Bí mo ṣe ń yẹ ìwé wò kí n tó sanwó

Mi ò kì í ka ẹ̀yìn ìwé, ìpolówó ọjà nìyẹn. Àárín ni mo máa ń ṣí. Ìbẹ̀rẹ̀ ìwé, gbogbo òǹkọ̀wé ló máa ń tọ́ ọ dáadáa, àárín lẹ ti máa mọ̀ bóyá nǹkan ń ṣẹlẹ̀ àbí wọ́n ti ń wàásù. Tẹ́ ẹ bá ṣí àárín tẹ́ ẹ bá bàbá kan tó ń gba ọmọ nímọ̀ràn fún ojú ewé méjì gbáko, ẹ dá a padà jàre. Ìwé ọmọdé tiwa níbí, ìwàásù ló ń pa ọ̀pọ̀ nínú wọn, ọmọ burúkú á jìyà, ọmọ dáadáa á gba sìkọ́láṣíìpù, ó parí.

Lẹ́yìn ìyẹn, ká ní ọmọ yẹn wà lọ́dọ̀ yín, ẹ ní kó ka ojú ewé kan síta, kó ká ìka kan mọ́lẹ̀ fún gbogbo ọ̀rọ̀ tí kò mọ̀. Tí ìka márààrún bá ti ká kó tó dé ìsàlẹ̀, ìwé yẹn ṣì le fún un láti dá kà, ẹ lè rà á kẹ́ ẹ máa jọ kà á lálẹ́. Tí ò bá ká ìkankan, kò burú náà, ìwé tó rọrùn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀.

Ẹ wo pépà ẹ̀ náà. Ayédèrú pọ̀ lábẹ́ bíríjì: lẹ́tà á ṣú bàìbàì, àwòrán ẹ̀yìn á ṣá, ojú ewé á ti fò láti 48 bọ́ sí 65, ọmọ á wá rò pé òun ni kò gbọ́ ìtàn.

Tàwọn ọ̀dọ́langba gba sùúrù ju ti kékeré lọ, torí ìfẹ́ wà níbẹ̀, ìjà wà níbẹ̀, idán náà wà. Bíi Children of Blood and Bone tí Tomi Adeyemi gbé jáde ní 2018, àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdírì kàn ń gbé e láti ọwọ́ dé ọwọ́ ni. Òrìṣà wà nínú ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ náà sì ń ṣàn. Tí mo bá fẹ́ fọ́mọ ọlọ́mọ nírú ìwé bẹ́ẹ̀, màá sọ fún màmá ẹ̀ ní tààràtà pé báyìí báyìí lohun tó wà nínú ẹ̀, òun ló máa sọ bóyá kí n fún un tàbí kí n má fún un. Èyí tí mi ò gbà ni kẹ́nì kan rí àwòrán ẹ̀yìn ìwé kó ní ìwé èṣù ni. Ẹ kà á ná, mọ́mì.

Bẹ́ ẹ ṣe máa júwe ẹ̀ tọ́mọ á fi fẹ́ kà á

Ibí lọ̀pọ̀ àgbàlagbà ti ń bà á jẹ́. "Gba ìwé yìí, ó máa ṣe ẹ́ láǹfààní." Háà! Ta ló fẹ́ nǹkan àǹfààní ní họ́lídè? Ẹ má sọ ẹ̀kọ́ tó wà nínú ẹ̀ rárá. Ẹ sọ ẹni tó wà nínú ẹ̀ àti wàhálà tó kó sí, lẹ wá dákẹ́. Bí mo ṣe máa ń júwe Too Small Tola nìyí: "Ọmọ kékeré kan ló wà l'Ékòó, òun ló kéré jù nílé wọn, ẹ̀gbọ́n ẹ̀ obìnrin mọ̀wé burúkú, ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ọkùnrin kò kì í jókòó síbì kan, ìyá àgbà wọn sì máa ń pàṣẹ bíi sọ́jà. Gbogbo èèyàn ló ń pè é ní kékeré. Ó wá sú u." Ó tán. Tó bá bi mí pé kí ló wá ṣe, màá na ìwé sí i.

Ẹ má gbé ìwé kan ṣoṣo wá, ẹ gbé méjì tàbí mẹ́ta kó fọwọ́ ara ẹ̀ mú. Kẹ́ ẹ sì sọ fún un pé tó bá ka ogún ojú ewé tí ò dùn mọ́ ọn, kó pa á dé. Àwọn òbí kì í fẹ́ gbọ́ èyí torí owó tí wọ́n ná, ṣùgbọ́n ọmọ tó bá mọ̀ pé òun lè fi í sílẹ̀ ló máa ń láyà láti bẹ̀rẹ̀ ìwé tó nípọn. Ẹ má sì bi í ní ìbéèrè bíi tíṣà lẹ́yìn tó kà á tán, àbí ẹ fẹ́ kó máa rò pé gbogbo ìwé ló ní tẹ́ẹ̀sì lẹ́yìn?

Ní ti àwọn tó ti ń lọ bí ọdún mẹ́tàlá sókè, ọ̀rọ̀ yín ò fi bẹ́ẹ̀ wọ̀ wọ́n létí mọ́, ẹ má bínú. Ẹni tí wọ́n máa gbọ́ tiẹ̀ ni ọ̀rẹ́ wọn. Torí náà, ọmọ kan ṣoṣo lẹ máa wá nínú wọn, èyí tó lẹ́nu tó sì máa ń kàwé, òun lẹ máa fún níwèé tuntun kẹ́nikẹ́ni tó rí i, kẹ́ ẹ ní kó ṣe voice note ìṣẹ́jú kan sórí gúrúùpù wọn. Á ṣe é lédè tiwọn, á bú ẹnì kan nínú ìtàn yẹn, á ní "ẹ̀yin ẹ ṣáà lọ kà á." Kó tó dọjọ́ kejì wọ́n á ti máa bèèrè ta ló kàn.

Ti Yorùbá ńkọ́

Ìwé Yorùbá tuntun fún ọ̀dọ́langba ò pọ̀, ká sòótọ́. Àmọ́ ìwé tọ́mọ ò tíì rí rí, tuntun ni lójú ẹ̀. Àjà Ló Lẹrù tí Ọládẹ̀jọ Òkédìjí kọ ní 1969, Lápàdé, ọlọ́pàá tẹ́lẹ̀ rí, tó ń lé àwọn olè kiri, ó ṣì ń sáré lọ́kàn ọmọ tó bá fẹ́ràn fíìmù ọlọ́pàá. Ẹ má kàn jù ú sí i lọ́wọ́ o, torí ọ̀pọ̀ wọn ń sọ Yorùbá dáadáa ṣùgbọ́n àmì orí ọ̀rọ̀ ń dà wọ́n láàmú. Ẹ fúnra yín ka orí àkọ́kọ́ sí wọn létí lálẹ́ tíná bá lọ, kẹ́ ẹ dúró níbi tó gbóná jù. Ẹni tó bá ń kánjú á gbé e lọ.

Ohun kan tó kù ni kẹ́ ẹ ní ìwé àkọsílẹ̀ kékeré. Orúkọ ìwé, ọmọ tó kà á, ojú ewé tó ti dúró. Tí ọmọ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ bá ti dúró sí ojú ewé kan náà, ẹ lọ ka ojú ewé yẹn, ẹ máa rí ohun tó lé wọn, kẹ́ ẹ tó júwe ẹ̀ fún ẹnì kẹrin.