Gìtá báàsì wo ló máa fún yín ní ohùn tẹ́ ẹ fẹ́?

Kẹ́ ẹ tó kówó sílẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ mọ irú ohùn tẹ́ ẹ ń wá, torí mo ti rí ẹni tó ra gìtá olówó gọbọi tó wá ń dún bí agolo lọ́wọ́ ẹ̀.

Tó bá jẹ́ ohùn tó ki, tó jókòó sísàlẹ̀, Fender Precision ni, 1951 ló jáde, àtọdún 1957 ni wọ́n ti la pickup (ohun tó ń gba ohùn okùn sínú) kan ṣoṣo àárín ẹ̀ sí méjì, òun náà ni James Jamerson, atabáàsì ará Amẹ́ríkà, fi ta ọ̀pọ̀ orin iléeṣẹ́ Motown. Jazz Bass (1960) ní pickup méjì, tẹ́ ẹ bá ṣí ti ẹ̀yìn nìkan, ohùn ẹ̀ á mú, á máa sọ̀rọ̀ ketekete, ọrùn ẹ̀ náà tín-ín-rín. Slap, ìyẹn kéèyàn máa fi àtàǹpàkò gbá okùn, ńkọ́? Báàsì StingRay ti Music Man ni, ṣùgbọ́n bátìrì ló ń lò o, irú bátìrì 9 volt bẹ́ẹ̀ ti kú mọ́ mi lọ́wọ́ láàrin praise worship rí, ojú tì mí gan-an.

Okùn wá ńkọ́, ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà! Roundwound (okùn tí wọ́n fi wáyà roboto wé) tuntun máa ń dún gbangba, flatwound (èyí tí wọ́n fi wáyà pẹlẹbẹ wé) máa ń rọ̀, ó bá jùjú àti highlife mu dáadáa, nítorí náà kẹ́ ẹ tó gbé báàsì tó wà nílé tà, ẹ pààrọ̀ okùn ẹ̀ ná.

Tẹ́ ẹ bá dé ṣọ́ọ̀bù, ẹ ní kí wọ́n tan áńpù, kí wọ́n má fi ẹ̀fẹ́ẹ̀tì kankan tó ń yí ohùn padà sí i, kẹ́ ẹ wá ta á fúnra yín.