Bí mo ṣe fi òdiwọ̀n sí ìbímọ process lórí server wa ní Àkúrẹ́

Server kan ṣoṣo la ní ní yàrá tí a ti ń kọ́ iṣẹ́ ní Àkúrẹ́, nítòsí òpópónà Oyèmẹ́kùn. Linux ló wà lórí ẹ̀, àwọn ọmọ iṣẹ́ méjìlá ló sì ń pín in lò. Lọ́sàn-án Ọjọ́rú kan, ọmọbìnrin kan nínú wọn pè mí: “Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá wò ó, gbogbo ẹ̀ ti dúró.” Mo tẹ lẹ́tà kan, ó pẹ́ kó tó hàn lójú ẹ̀rọ.

Fork ló ń kọ́. Fork ni process, ìyẹn ètò tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, fi ń bímọ: ìyá á pe kernel, ọkàn Linux, kernel á ṣe ẹ̀dà rẹ̀, tìyá tọmọ á sì máa bá iṣẹ́ lọ láti ojú ibì kan náà. Inú lúùpù, àṣẹ tó ń tún ara ẹ̀ ṣe, ló kọ ọ́ sí, ó sì gbàgbé láti sọ pé kí ọmọ jáde. Nítorí náà, ọmọ náà ń bímọ. Ẹ̀ẹ̀mẹwàá péré tí iye wọn bá di ìlọ́po méjì, wọ́n ti di 1,024.

Mo kọ́kọ́ ní kí n máa pa wọ́n. Pípa ò bá bíbí. Nígbà tó yá, ps tó ń to process lẹ́sẹẹsẹ àti pkill tó ń pa wọ́n gan-an kọ̀, torí àwọn náà gbọ́dọ̀ di ọmọ tuntun kí wọ́n tó lè ṣiṣẹ́. Mo fa wáyà yọ. Ọmọkùnrin kan tó ń ti Oǹdó wá láràárọ̀ pàdánù iṣẹ́ wákàtí méjì tí kò tíì fi pamọ́, ó sì dùn mí gan-an.

Lálẹ́ ọjọ́ náà mo ṣí fáìlì kernel/fork.c, níbi tí copy_process wà. Kí ọmọ kankan tó délé ayé, kernel á kọ́kọ́ béèrè: ṣé ẹni tó ni ín ò tíì kọjá iye tí a fún un? Ṣé gbogbo ẹ̀rọ ò tíì kún? Ṣé cgroup (àkójọ process tí kernel ń fi òdiwọ̀n sí) tó wà nínú ẹ̀ gbà? Bí ìkan bá ní rárá, EAGAIN, àṣìṣe tó túmọ̀ sí “tún gbìyànjú”, ni yóò dá padà, kò níí sí ọmọ. Ẹnu ọ̀nà ti wà níbẹ̀ tipẹ́. Àwa la ò kọ iye tó ṣe é lò sí i.

Mo kọ ìlà yìí sínú /etc/security/limits.conf, kí ẹnikẹ́ni nínú ẹgbẹ́ akekoo má ní ju process 150 lọ:

@akekoo hard nproc 150

Mo dán an wò, kò ṣiṣẹ́. Ìgbà téèyàn bá ń wọlé ni PAM, ètò tó ń bójú tó ìwọlé, máa ń ka fáìlì náà. Èmi sì ti wọlé tẹ́lẹ̀. Mo jáde, mo tún wọlé, ó dá mi dúró. Àmọ́ òdiwọ̀n yìí kì í mú root, ọ̀gá ẹ̀rọ, bẹ́ẹ̀ àwọn kan nínú wọn ní sudo, tó ń jẹ́ kí wọ́n ṣe nǹkan bíi root. Ìyẹn ò jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí mo fi kọjá sí pids controller ti cgroup, tó wọ Linux 4.3 lọ́dún 2015. Ibi tí process wà ló ń wò, kò bìkítà ẹni tó ni ín. Systemd, ètò tó ń darí iṣẹ́ lórí Linux wa, ló ń fún ẹni kọ̀ọ̀kan tó bá wọlé ní cgroup tirẹ̀, tí wọ́n ń pè ní slice. Mo ṣe fáìlì kan sínú /etc/systemd/system/user-.slice.d, kí slice kọ̀ọ̀kan má gbà ju 60 lọ:

[Slice]
TasksMax=60

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, editor àwọn kan kọ̀ láti ṣí. Thread kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ẹ̀ka iṣẹ́ nínú process, náà ń wọ inú iye tí wọ́n ń kà yẹn, editor sì ní thread púpọ̀. Mo gbé e sí 200, mo ṣe daemon-reload kí systemd tún fáìlì náà kà, mo ní kí gbogbo wọn jáde kí wọ́n tún wọlé.

Mo wá ní kí ọmọbìnrin yẹn tún nǹkan ọjọ́sí ṣe. Ẹ̀rù ń bà á. “Ṣé ó dá yín lójú, sà?” Mo ní kó tẹ̀ ẹ́. “Resource temporarily unavailable”, ìyẹn EAGAIN, ló yọ. Ó tún fi sudo ṣe é: pids.current, iye tó wà nínú slice rẹ̀, dúró sórí 200, iye ìgbà tí kernel kọ̀ fún un nínú pids.events sì ń gun òkè. Lórí ẹ̀rọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ọmọ Oǹdó ń bá tirẹ̀ lọ lórí server kan náà, kò tilẹ̀ mọ̀ pé nǹkan kan ń ṣẹlẹ̀.

Láti kó wọn kúrò, mo kọ 1 sínú fáìlì cgroup.kill ti slice ọmọbìnrin náà. Láti Linux 5.14 ló ti wà. Gbogbo wọn kú lẹ́ẹ̀kan náà, títí kan shell rẹ̀, ibi tó ti ń tẹ àṣẹ. Ó tún wọlé, ó fi exit kún ibi tó yẹ, ó sì tún un tẹ̀. Ọmọ mẹ́wàá jáde, wọ́n kọ nọ́ńbà wọn, wọ́n sì parí.