Ìmọ̀ràn fún akẹ́kọ̀ọ́ ajàfẹ́tọ̀ọ́ tí wọ́n yàn sínú ìgbìmọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní Èkìtì

Bí o bá jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tí kì í dákẹ́ nígbà tí wọ́n bá ń rẹ́ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jẹ, ó ṣeé ṣe kí wọ́n fi ọ́ sínú ìgbìmọ̀ tí gbogbo ènìyàn ń pè ní SBMC, èyí tí ìlú àti ilé-ẹ̀kọ́ jọ fi ń bójú tó ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba. Níbẹ̀ ni wàá ti bá aṣojú ọba, aṣojú ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́, àwọn obìnrin, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́, àwọn ẹlẹ́sìn àti ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀ jókòó. Ìlànà ìgbìmọ̀ náà fi àyè sílẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ pẹ̀lú, olórí akẹ́kọ̀ọ́ ọkùnrin àti ti obìnrin ló sì sábà máa ń wà níbẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ sọ fún ọ, àbúrò mi, ni bí o ṣe lè lo àyè yẹn, nítorí mo ti rí ọ̀pọ̀ ọmọ tí ó jókòó síbẹ̀ fún odidi ọdún kan tí kò sí ohun tí wọ́n fi rántí rẹ̀ ju pé òun ni ó ń pín ọtí ẹlẹ́rìndòdò kiri.

Kí o tó lọ sí ìpàdé kankan, lọ kà. Mo ní kí o ka nǹkan, kí o ka iye rẹ̀, kí o sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ní ìpàdé àkọ́kọ́ tí èmi lọ, ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan tí n kò ní dárúkọ, mo dìde, mo sì fi bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá sọ̀rọ̀ lórí ìyà tí ń jẹ akẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n kí mi, wọ́n ní ọmọ náà mọ̀rọ̀ọ́ sọ, wọ́n sì bọ́ sórí ètò ayẹyẹ ìparí ọdún. Kí ìpàdé kejì tó dé, èmi àti akẹ́kọ̀ọ́ obìnrin tí a jọ jẹ́ aṣojú mú ìwé àjákọ kan, a sì ń lọ sẹ́yìn kíláàsì ní gbogbo àkókò ìsinmi fún ọjọ́ márùn-ún. Ṣáláńgá mẹ́fà ló wà níbẹ̀, méjì péré ló ní ilẹ̀kùn, ọ̀kan nínú méjèèjì sì wà ní títì pa nítorí pé ti àwọn olùkọ́ ni. A kọ iye ọmọbìnrin tí ó ṣì wà lórí ìlà nígbà tí aago bá lù, àti iye àwọn tí olùkọ́ lé síta nítorí pé wọ́n pẹ́ dé kíláàsì. Nígbà tí mo ka èyí jáde, màmá tí ó ń ṣojú àwọn obìnrin ọjà gbé gíláàsì ojú rẹ̀ sókè, ó ní, "Ọmọ mi, tún iye yẹn kà." Mo tún un kà. Alága kò dúró pẹ́ kí ó tó yíjú sí káfíńtà tí ó wà láàárín wa pé èló ni ilẹ̀kùn kan.

Bí o ṣe máa sọ̀rọ̀ ṣe pàtàkì bí ohun tí o máa sọ. Kí àgbà kọ̀ọ̀kan bí ó ti yẹ kí o tó jókòó, àti ìjòyè àti ẹni tí kò joyè. Tí o bá ní ohun tí ó yàtọ̀ sí ohun tí ìjòyè kan sọ, má ṣe sọ pé irọ́ ni. Sọ pé, "Ẹ jọ̀wọ́ sà, ẹ fún mi láàyè kí n fi kún un," kí o sì ka ohun tí o kọ sílẹ̀. Tí òwe bá sì wọ ọ̀rọ̀ rẹ, tọrọ àyè pẹ̀lú "tótó, ó ṣe bí òwe," kí wọ́n lè dá ọ lóhùn pé wàá rí òmíràn pa. Ìwà yìí kò sọ ọ́ di ojo. Ó ń gba ẹni tí ó fẹ́ sọ pé ọmọ tí kò lẹ́kọ̀ọ́ ni ọ́ lọ́wọ́ ohun tí ì bá fi pa ọ̀rọ̀ rẹ dà. Bí ẹnì kan bá sì béèrè pé kí ni ọmọdé ń wá níbẹ̀, fi pẹ̀lẹ́ rán an létí pé Nàìjíríà fòǹtẹ̀ lu àdéhùn àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ ọmọdé ní ọdún 1991, àti pé ẹsẹ 12 rẹ̀ ní kí a máa gbọ́ ohùn ọmọ lórí ọ̀rọ̀ tí ó kàn án.

Ìwé àkọsílẹ̀ ìpàdé ni kí o mú ojú tó jù lọ. Ọ̀rọ̀ tí kò bá wọ inú rẹ̀ kì í pẹ́ di ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ rí. Nígbà tí wọ́n bá fẹnu kò sí nǹkan, bẹ akọ̀wé pé kí ó kọ orúkọ ẹni tí yóò ṣe é àti ọjọ́ tí yóò parí rẹ̀. Nígbà tí ìpàdé tí ó tẹ̀ lé e bá bẹ̀rẹ̀, ní kí wọ́n ka èyí tí ó kọjá, kí o sì béèrè ibi tí iṣẹ́ dé. Ilẹ̀kùn tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan yẹn, ìpàdé mẹ́ta ni mo fi béèrè rẹ̀ kí wọ́n tó kàn án.

Ọ̀rọ̀ owó ni yóò le jù. Láti oṣù kìíní ọdún 1955 tí ìjọba Awólọ́wọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn ni àwọn òbí wa ti mọ̀ pé ìjọba lè gbé ẹrù yìí. Òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ti ọdún 2004 sì sọ ọ́ di ọ̀fẹ́ àti dandan fún ọdún 9, láti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ títí dé ìparí girama kékeré. Ẹ̀ṣẹ̀ ni lábẹ́ òfin náà láti gba owó ilé-ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ ọmọ tí ó wà láàárín ọdún wọ̀nyẹn. Nítorí náà, bí wọ́n bá dá owó kan lé akẹ́kọ̀ọ́ lórí, béèrè orúkọ owó náà, ẹni tí ó pàṣẹ rẹ̀, àti ìwé-ẹ̀rí tí wọ́n ń fún ẹni tí ó bá san. Má fẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni kí o tó rí ìwé.

Mọ ilẹ̀kùn tí ó yẹ kí ìgbìmọ̀ kàn, nítorí lẹ́tà tí ó lọ síbi tí kò yẹ ń fi oṣù ṣòfò. Ọ̀rọ̀ olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ti kíláàsì tí ó ń jò wà lọ́wọ́ SUBEB, àjọ ìpínlẹ̀ tí ń bójú tó ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀, èyí tí ó ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rìndínlógún Èkìtì. Àìtó olùkọ́ ní girama sì jẹ́ ti Teaching Service Commission, àjọ ìpínlẹ̀ tí ń bójú tó iṣẹ́ olùkọ́ girama. Tí wọ́n bá sọ pé Àbújá ni kò fowó ránṣẹ́, rántí pé owó iṣẹ́ ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ láti Àbújá kì í jáde àyàfi tí ìpínlẹ̀ bá fi ìpín tirẹ̀, ìyẹn ìdajì owó iṣẹ́ náà, kalẹ̀, kí ìgbìmọ̀ sì béèrè bóyá ìpínlẹ̀ ti fi í lélẹ̀. Òfin òmìnira ìròyìn ti ọdún 2011 fún iléeṣẹ́ ìjọba ní ọjọ́ 7 láti dáhùn irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀.

Àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tí kò yẹ kí o gbé síwájú gbogbo ìgbìmọ̀. Bí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá fi sọ fún ọ pé olùkọ́ ń fọwọ́ kan òun lọ́nà tí kò yẹ, tàbí pé wọ́n na òun títí ara òun fi bó, má ṣe dárúkọ rẹ̀ níbi tí ènìyàn méjìlá ti jókòó, má sì kọ ọ́ sórí WhatsApp. Mú un lọ bá olùkọ́ agbaninímọ̀ràn tàbí àgbà kan tí o fọkàn tán, kí ẹ̀yin méjèèjì tẹ̀ lé e lọ sọ́dọ̀ òbí rẹ̀.

Bẹ àwọn àgbà pé kí wọ́n fi ìpàdé sí ẹ̀yìn àkókò ìparí ilé-ẹ̀kọ́, pàápàá bí o bá ní ìdánwò lọ́dún yẹn. Ọ̀pọ̀ wọn kò rò ó rí pé ẹ̀kọ́ ìṣirò ni ìwọ fi sílẹ̀ wá bá wọn.

Kí ọdún rẹ tó parí, jókòó pẹ̀lú ọmọ tí yóò gba ipò lọ́wọ́ rẹ. Ṣí ìwé àjákọ yẹn níwájú rẹ̀, fi hàn án ohun tí wọ́n ti ṣe àti èyí tí ó kù, ẹni tí ó ṣèlérí rẹ̀ àti ọjọ́ tí ó dá, kí o sì mú un lọ kí alága àti màmá ọjà nílé wọn, kí wọ́n lè mọ ojú rẹ̀ kí ìpàdé tó pe.