Bí mo ṣe yẹ diathermy tòkunbọ̀ kan wò ní Àkúrẹ́

Iṣẹ́ àtúnṣe ohun èlò ilé ìwòsàn ni mò ń ṣe. Bí ẹ̀rọ tó ń fa ẹ̀jẹ̀ àti omi kò bá fà mọ́, bí iná orí tábìlì iṣẹ́ abẹ bá ń ṣẹ́jú, èmi ni wọ́n ń pè. Láìpẹ́ yìí, ilé ìwòsàn aládàáni kan lọ́nà Ọ̀bà-Ilé ra diathermy tòkunbọ̀. Dókítà tó ni ibẹ̀ ní òun kò ní fi kan aláìsàn kankan àfi tí mo bá yẹ̀ ẹ́ wò, tí mo sì fọwọ́ sí ìwé. Mo kan sáárá sí i. Ọ̀pọ̀ ni yóò tan ẹ̀rọ, tí iná bá ti yọ lójú rẹ̀, wọ́n á ní ó ti pé nìyẹn.

Diathermy ni ẹ̀rọ tí àwọn oníṣẹ́ abẹ fi ń gé ẹran ara, tí wọ́n tún fi ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró. Ọ̀pá kékeré kan wà tí dókítà ń mú dání, pẹ́ńsù ni wọ́n ń pè é ní gbogbo yàrá iṣẹ́ abẹ. Ẹnu rẹ̀ kì í ṣe irin tí wọ́n ti yan nínú iná. Iná mànàmáná ló ń gba ibẹ̀ wọ ara aláìsàn, ara fúnra rẹ̀ ló sì ń sọ iná náà di ooru, bó ṣe ń dènà rẹ̀. Iná yẹn yóò la ara kọjá, yóò jáde gba inú pléètì fífẹ̀ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ itan tàbí ìdí, yóò sì padà sínú ẹ̀rọ. Pléètì yìí gan-an ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Ojú gbogbo èèyàn máa ń wà lára pẹ́ńsù, nítorí òun ló ń ta pàrà, òun ló ń rú èéfín, bẹ́ẹ̀ ibi tí iná ń gbà jáde ni ewu ń sá pamọ́ sí.

Mo kọ́kọ́ ka àkọlé ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà. 220–240 V ni, 50/60 Hz, ó bá iná wa mu. Ẹ má fojú kéré ìyẹn o. Ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ tó bá ti Amẹ́ríkà wá, 120 V ni wọ́n ń jẹ, ẹni tó bá kì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì wa láìsí tíráńsífọ́mà ti fi owó rẹ̀ jóná. Púlọ́ọ̀gù rẹ̀ ló bí mi nínú. Ẹni tó tà á ti gé èyí tó bá a wá, ó fi ẹlẹ́sẹ̀ méjì ti rédíò sí i, wáyà ẹ́ẹ̀tì wá ń rọ̀ dirodiro lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo yọ ọ́ dànù, mo fi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta sí i, mo so ẹ́ẹ̀tì padà, mo sì wọ̀n ọ́n láti ẹsẹ̀ púlọ́ọ̀gù dé ara irin ẹ̀rọ. 0.1 ohm ló kà. Tó bá ti ju 0.2 lọ, n kì í gbà á.

Kí n tó ṣí inú rẹ̀, mo yọ ọ́ kúrò lára iná, mo sì fi í sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, torí àwọn kàpásítọ̀ inú rẹ̀ máa ń di iná mú lẹ́yìn tí èèyàn bá ti pa á. Eruku ló pọ̀ jù níbẹ̀, àti ẹyin aáyán lábẹ́ fáànù. Kò sí ohun tó jóná. Mo fẹ́ eruku náà, mo nù ún, mo dé e padà. Àwọn wáyà ni mo fara balẹ̀ sí jù: mo fi ọwọ́ fa ọ̀kọ̀ọ̀kan láti orí dé ìdí, mo ń tẹ̀ ẹ́ bí mo ṣe ń lọ, mo ń wo ibi tí rọ́bà ti sán. Wáyà pẹ́ńsù kan ti là lọ́rùn. Mo gé e sí méjì kí ẹnikẹ́ni má bàa lọ hú u jáde nínú ike ìdalẹ̀nù, torí ibi tí rọ́bà bá ti là, ibẹ̀ ni iná lè gbà jó ọwọ́ dókítà tàbí ara aláìsàn.

Nígbà tó kan wíwọn agbára rẹ̀, mo yá ẹ̀rọ ìdíwọ̀n lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi kan tó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Mítà lásán tí àwọn oníṣẹ́ iná ń fi sápò kò lè ka iná diathermy. Iye yòówù tó bá gbé jáde, irọ́ ló pa. Mo gbé ẹ̀rọ sí 50 wáàtì, ó gbé 47 jáde. Mo gbé e sí 100, ó gbé 93. Níbi tí wọ́n ti ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró, mo gbé e sí 40, ó gbé 37. IEC 60601-2-2, ìlànà àgbáyé fún irú ẹ̀rọ yìí, gba kí iye tó jáde fi 20 nínú ọgọ́rùn-ún yàtọ̀ sí iye tí èèyàn yàn, nítorí náà ó yege dáadáa.

Ọ̀dọ́mọdé nọ́ọ̀sì kan ti ń wò mí láti ẹnu ọ̀nà. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé iná yìí náà ni NEPA ń fún wa? Kí ló dé tí kì í gbé aláìsàn?" Ìbéèrè gidi nìyẹn. Iná ilé ń lọ, ó ń bọ̀ ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Iṣan àti ọkàn lè tẹ̀ lé e bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi ń gbọn èèyàn jìgìjìgì tó sì ń pani. Diathermy gba iná yẹn, ó sọ ọ́ di èyí tó ń lọ tó ń bọ̀ ní ìgbà tó lé ní 300,000; èyí tó wà níwájú wa yìí, 500,000 ni wọ́n kọ sí i lára. Kí iṣan tó mọ̀ pé iná dé, ó ti yí padà. Ooru nìkan ló ń ṣẹ́ kù. Arákùnrin ará Faransé kan, Arsène d'Arsonval, ló ti fi èyí hàn láti 1891. Ní ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá ọdún 1926, ní Boston, Harvey Cushing, dókítà oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ, fi ẹ̀rọ tí William Bovie ṣe yọ kókó kan kúrò ní orí aláìsàn. Ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú ló ti gbìyànjú rẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ kò jẹ́ kó lè parí rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn dókítà kan fi ń pe pẹ́ńsù ní "Bovie" dòní.

Ọ̀rọ̀ ẹnu kì í tó lórí nǹkan báyìí, mo fẹ́ kí àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ fi ojú ara wọn rí i. Mo ti ra ẹran màlúù ní Ọjà Ọba láàárọ̀ ọjọ́ náà, ègé kan tó pọ́n, tí kò lọ́ràá. Alápatà fẹ́ gé e sí wẹ́wẹ́ fún mi, mo ní kó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ fẹ́ ṣe àsè ni?" Mo ní iṣẹ́ abẹ ni mo fẹ́ ṣe fún un. Ó rẹ́rìn-ín, kò mọ̀ pé òótọ́ ni.

Pléètì tó bá ẹ̀rọ yìí wá, irin pẹlẹbẹ ni, irú èyí tí wọ́n ń lò lálòtúnlò. Mo tẹ́ ẹran náà lé e lórí gbalaja, mo gbé pẹ́ńsù sí ẹ̀gbẹ́ tó ń gé. Tí iná bá ń ṣàn láìdáwọ́ dúró, ooru á yára kọjá 100°C lójú kan ṣoṣo, omi inú ẹran á di oru lẹ́ẹ̀kan náà, ẹran á sì là. Èèyàn ò nílò láti tẹ̀ ẹ́; tí ẹnu pẹ́ńsù bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án, ó ti ń yọ́ lọ. Ojú ibi tó gé mọ́ tónítóní. Mo wá yí i sí ẹ̀gbẹ́ tó ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró. Ìyẹn ń jó, ó ń dáwọ́ dúró, ó ń jó, ó ń dáwọ́ dúró, àmọ́ fóòtì rẹ̀ ga ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹran náà kò là. Ó funfun, ó sunkì, ó yọ oru díẹ̀. Nígbà tí n kò gbé ọwọ́ kúrò, ó dúdú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀ mọ́ ẹnu pẹ́ńsù. Ibi tó ti funfun yẹn ló yẹ kí dókítà ti gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí pẹ́dà tó ń tan iná. Tó bá ti di èédú, tí wọ́n bá fà á yọ, ẹ̀jẹ̀ á tún bẹ̀rẹ̀.

Mo yí ẹran náà dà. Abẹ́ rẹ̀ tútù, ó pọ́n bó ṣe wà ní ọjà.

Mo wá gbé abọ́ ike kan sí ẹ̀gbẹ́ pléètì, mo sún ẹran náà lé abọ́ títí ó fi jẹ́ pé etí rẹ̀ nìkan ló kan irin. Agbára kan náà, pẹ́ńsù kan náà. Mo tẹ pẹ́dà mọ́lẹ̀. Kò sẹ́ni tó rí ohunkóhun, ojú gbogbo wọn wà lókè níbi tí èéfín ti ń jáde. Ẹ̀rọ kò ké. Nígbà tí mo gbé etí ẹran náà sókè, ibi tó kan irin ti funfun, ó ti jinná wọnú. Mátíróònù fọwọ́ kan ẹnu, ó ní, "Ẹ̀ẹ̀, itan èèyàn nìyẹn!" Òun gan-an ni. Iye iná tó gba pẹ́ńsù wọlé náà ló gba pléètì jáde. Bí pléètì bá fẹ̀, ooru á tàn káàkiri, kò ní ṣe nǹkan kan. Bí ó bá ṣí, tó ku igun kan lára awọ, ó ti di pẹ́ńsù kejì, aláìsàn tí wọ́n sì ti fi oògùn kùn lóorun kò lè kígbe.

Ẹ̀rọ náà ní àlááàmù. Mo yọ wáyà pléètì, ó ké tòò, ó sì ti iná pa. Àmọ́ wáyà nìkan ló ń ṣọ́, kò ṣọ́ awọ. Tí pléètì onírin bá jábọ́ sí abẹ́ tábìlì, bí wáyà rẹ̀ bá ṣì wà níbẹ̀, kò ní ké. Èyí tó ń ṣọ́ awọ ni pléètì alápá méjì: ẹ̀rọ ń rán iná kékeré láti apá kan sí èkejì láti mọ̀ bóyá méjèèjì lẹ̀ mọ́ ara dáadáa, bí ọ̀kan bá ti ń ṣí, á ké, kò ní gbà kí dókítà máa bá iṣẹ́ lọ. Ojú ihò rẹ̀ wà lára ẹ̀rọ yìí. Pléètì náà gan-an ni kò sí, kò sì yẹ kí èèyàn fọ èyí tí wọ́n ti lò lára ẹlòmíràn kó tún lò ó.

Ibẹ̀ la ti bọ́ sórí ọ̀rọ̀ ara wa níhìn-ín. Mátíróònù ní àwọn ìyá àgbà máa ń fi òrí pa ara kí wọ́n tó wá. Pléètì kò ní lẹ̀ mọ́ òrí, ẹ wẹ̀ ẹ́ kúrò, ẹ nù ún gbẹ. Ó ní àwọn obìnrin kan kì í fẹ́ bọ́ ìlẹ̀kẹ̀ ìdí. Mo ní kí pléètì má gun orí rẹ̀, kí wọ́n gbé e sí itan níbi tí ẹran pọ̀ sí, tí kò sí egúngún, àpá tàbí irun. Òrùka àti ẹ̀gbà ọrùn, ẹ bọ́ gbogbo rẹ̀. Sípíríìtì tí wọ́n fi nu ara gbọ́dọ̀ gbẹ, ó kéré tán ìṣẹ́jú 3, kò sì gbọdọ̀ dá adágún sábẹ́ ẹ̀yìn aláìsàn, torí pàrà kan ṣoṣo ló nílò kó tó gbiná. Ẹni tó bá ní ẹ̀rọ tó ń ran ọkàn lọ́wọ́ láyà, kí wọ́n sọ fún dókítà ṣáájú. Èéfín pẹ́ńsù náà ńkọ́, ẹ gbé ẹnu ọ̀pá tó ń fa omi sún mọ́ ọn. Ìbòmú lásán kò dá a dúró.

Bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ ni iná lọ, jẹnẹrétọ̀ gbà á. Ẹ̀rọ tàn padà, gbogbo iye tí mo ti yàn sì ti di òdo. Mo ní kí wọ́n kọ ìyẹn sílẹ̀, kí dókítà má bàa tẹ̀ ẹ́ kó ní ó ti bàjẹ́.

Fọ́ọ̀sẹ́ẹ̀pù bipolar ni mo yẹ̀ wò gbẹ̀yìn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ni iná ń gbà lọ gbà bọ̀, ẹran tí wọ́n bá fún sáàárín nìkan ló ń gbóná, kò nílò pléètì rárá. Òun ni mo máa ń ní kí wọ́n lò fún ìkọlà. Pẹ́ńsù lẹ́nu ibẹ̀ yẹn lè kó gbogbo ooru jọ sí ìdí okó ọmọ, níbi tí ọ̀nà iná ti tín-ín-rín jù.

Dókítà gbọ́ ìdájọ́ mi, ó mi orí. Ó ní, "Ẹnjiníà, irú pléètì onírin yìí la lò jálẹ̀ gbogbo ìgbà tí mo fi ń kọ́ṣẹ́." Mo ní, "Mo gbà bẹ́ẹ̀, sà. Ẹ̀yin náà ṣáà rí ẹran yẹn." Ó wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i, ó ní kí Mátíróònù kọ pléètì alápá méjì mọ́ ohun tí wọ́n fẹ́ rà. Mo fọwọ́ sí bipolar pé kí wọ́n máa lò ó. Lójú ìlà pẹ́ńsù, mo kọ ọ́ pé ó di ìgbà tí pléètì bá dé, tí mo sì ti gbọ́ àlááàmù rẹ̀ fúnra mi. Ìkọlà ọmọ ọdún mẹ́ta kan ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e.