Bí ẹni tí histamine ń yọ lẹ́nu ṣe lè bẹ̀rẹ̀ sí í mu fáíbà

Tí ẹja Titus bá ti pẹ́ kúrò nínú yìnyín, àwọn kòkòrò àìfojúrí á ti dá histamine, èròjà kan tó lè mú ara yún, sílẹ̀ nínú rẹ̀, iná ìdáná kò sì lè pa á. Ẹni tí ara rẹ̀ kò tètè lè borí rẹ̀ máa mọ̀ ọ́n lára: ojú á pọ́n, ara á máa yún un, orí á máa fọ́ ọ. Irú àti ọbẹ̀ àná náà lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún un. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò bá rí ìgbẹ́ yà, tó wá fẹ́ máa mu fáíbà (ìyẹ̀fun ohun ọ̀gbìn tí wọ́n ń pò mọ́ omi kí ìgbẹ́ lè rọ̀), mo bẹ̀ yín, ẹ má yí nǹkan méjì padà lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ara bá yún yín, ẹ ò ní mọ̀ bóyá fáíbà ni àbí ẹja.

Oúnjẹ lẹ máa kọ́kọ́ tún tò. Àwa ará Ẹ̀pẹ́ ní ọjà ẹja Olúwo nítòsí: ẹ ra ẹpìyà tó ṣì ń mí, ẹ jẹ́ kí wọ́n yọ ìfun rẹ̀ níbẹ̀, kí ẹ sì sè é lọ́jọ́ náà. Iná mànàmáná kò dúró, nítorí náà ìwọ̀nba tí ẹ máa jẹ tán ni kí ẹ sè. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ títí ara á fi balẹ̀.

Ẹ wá ra fáíbà. Ẹ yẹ ẹ̀yìn agolo wò: èyí tí wọ́n kọ psyllium (èèpo hóró ewéko kan) nìkan sí ni mo fara mọ́, torí àwọn tí wọ́n fi adùn ọsàn àti àwọ̀ sí ń da ọ̀rọ̀ rú. Ẹ ṣí i jẹ́jẹ́, eruku rẹ̀ kò bá ara àwọn kan mu.

Ìdajì ṣíbí ìpo-tíì ni kí ẹ bù sínú kọ́ọ̀bù omi tó tó 250 ml. Ẹ rò ó, kí ẹ gbé e mu lójú ẹsẹ̀, torí kò ní pẹ́ tó fi máa ki bí ẹ̀kọ gbígbóná, èyí tó bá sì ti ki lè há sí ọ̀nà ọ̀fun. Ẹ fi kọ́ọ̀bù omi mìíràn tẹ̀lé e. Ẹ lo ọ̀sẹ̀ kan lórí ìwọ̀n yìí kí ẹ tó fi díẹ̀ kún un, kí ẹ sì máa kọ ohun tí ẹ jẹ àti aago tí ẹ jẹ ẹ́ sínú ìwé.

Gáàsì àti inú tó ń kùn kò fi dandan jẹ́ ti histamine. Ó lè jẹ́ pé fáíbà ni inú ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ̀, ó sábà máa ń rọlẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ara bá lé, ẹ dá a dúró. Bí ètè bá wú tàbí tí èémí kò já gaara, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, kódà kó jẹ́ òru.

Ẹni tó bá ń lo oògùn mìíràn, kó fi wákàtí méjì sáàárín. Ẹni tí oúnjẹ ń há lọ́fun, tàbí tí ìfun rẹ̀ ti dí rí, kó má fọwọ́ kàn án láìrí dókítà.