Ẹ má jẹ́ kí símúléṣọ̀n bá akẹ́kọ̀ọ́ ronú: àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ nínú kíkọ́ni ní kẹ́mísìrì

Símúléṣọ̀n ni ìdánwò inú kọ̀ǹpútà tí akẹ́kọ̀ọ́ lè fọwọ́ darí: kó da ásíìdì sínú omi, kó fún gáàsì pọ̀ sójú kan, kó to átọ́ọ̀mù bó ṣe wù ú. Èyí tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ mọ̀ ni PhET, tí Carl Wieman dá sílẹ̀ ní University of Colorado Boulder ní ọdún 2002, ọdún kan lẹ́yìn tó gba ẹ̀bùn Nobel nínú físíìsì. Ọ̀fẹ́ ni, ó sì dùn ún wò. Dídùn tó dùn ún wò yẹn gan-an ló ń dá wàhálà sílẹ̀: kíláàsì lè dákẹ́ rọ́rọ́, kí gbogbo ojú wà lára ẹ̀rọ, kí ẹnikẹ́ni má sì máa ronú.

Títẹ̀ ẹ́ kí wọ́n tó sọ tẹnu wọn

Èyí ló burú jù lójú tèmi. Ká ní ásíìdì líle kan wà lójú ẹ̀rọ, tí pH rẹ̀ (òṣùwọ̀n bí nǹkan ṣe kan tó: bí nọ́ńbà bá ṣe kéré tó ló ń kan tó, omi lásán sì jẹ́ 7) jẹ́ 3, ẹ sì fẹ́ bu omi sí i títí yóò fi di ìlọ́po mẹ́wàá bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Bí ẹ bá kàn bu omi sí i, nọ́ńbà á di 4, wọn á kọ 4 sínú ìwé, ó parí. Ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n pé mélòó ni yóò dà, kí kálukú sì kọ ọ́ sílẹ̀, kó má baà sẹ́ ẹ tó bá yá. Ẹnìkan lè ní 30, ẹlòmíì 0.3, ẹlòmíì 7 torí pé omi ti pọ̀. Tí 4 bá wá jáde, ọ̀rọ̀ di àríyànjiyàn, ìgbà yẹn ló ń yé wọn pé ìṣísẹ̀ kan péré lórí òṣùwọ̀n pH, ìlọ́po mẹ́wàá ni. Ẹ tún bi wọ́n bóyá omi lásán lè gbé e kọjá 7. Kò lè gbé e kọjá, ṣùgbọ́n ẹ má sọ fún wọn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n da omi títí tí yóò fi sú wọn.

Dídarí wọn bí ẹrú, tàbí fífi wọ́n sílẹ̀ pátápátá

Àwọn olùkọ́ kan máa ń tẹ ìwé ìlànà: tẹ ibí, fà á sọ́hùn-ún, kọ ohun tí o rí. Ọmọ náà á parí rẹ̀ láìmọ ohun tó ń wá. Àwọn mìíràn á ní kí wọ́n ṣáà máa ṣeré. Eré náà kò burú, ìṣẹ́jú márùn-ún tàbí mẹ́wàá ní ìbẹ̀rẹ̀ tó, kí ọwọ́ wọn mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn náà, ìbéèrè kan tó ní láárí.

Gbígba ìdáhùn tó tọ̀nà gẹ́gẹ́ bí òye

Nínú símúléṣọ̀n tí wọ́n ti ń mú ìdọ́gba kẹ́míkà dọ́gba, ojú kan máa ń rẹ́rìn-ín tí ó bá ti dọ́gba. Kò pẹ́ tí àwọn ọmọ fi mọ̀ pé bí wọ́n bá ṣáà ń yí nọ́ńbà sókè sódò, ojú náà á rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ kan! Ẹ dá ẹni tó gba 2H₂ + O₂ → 2H₂O dúró, kí ẹ bi í pé, kí ló dé tí a kò kàn fi H₂ + O₂ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí a yí H₂O sí H₂O₂, ṣebí ìyẹn náà á dọ́gba? Ẹni tó bá mọ ohun tó ṣe á sọ pé nǹkan mìíràn nìyẹn, kì í ṣe omi mọ́.

Fífi àwòrán pe òótọ́

Ojú ẹ̀rọ ń parọ́, kò sì sí bó ṣe lè ṣe é. Ọ́síjìn á pupa, háídrójìn á funfun, bẹ́ẹ̀ átọ́ọ̀mù kan ṣoṣo kò ní àwọ̀. Àdéhùn lásán ni. Mólékù mélòó kan ló wà lójú ẹ̀rọ, nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀kán omi kan ṣoṣo ní ju 10²¹ lọ. Wọ́n sì ń rìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kójú lè bá wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mólékù náítírójìn inú afẹ́fẹ́ inú yàrá ń sáré tó nǹkan bíi 500 mítà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìbéèrè tí mo fẹ́ràn jù ni: “Irọ́ wo ni àwòrán yìí ń pa fún wa?” Ẹ bi wọ́n ní gbogbo ìgbà.

Ẹ má sì jẹ́ kí ó gba ipò láàbù. Ásíìdì ojú ẹ̀rọ kì í jóni, kò lè kọ́ ọmọ pé ásíìdì là ń dà sínú omi, a kì í da omi sínú ásíìdì.

Ti ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Flash, ètò tí àwọn símúléṣọ̀n àtijọ́ ń lò, ti kógbá sílé láti ìparí ọdún 2020, nítorí náà ẹ má gbára lé líǹkì àtijọ́. Ẹ dánwò lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Àwọn ti PhET tuntun ṣeé gbà sílẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà, wọ́n á sì ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì.

Tí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ohunkóhun wọlé, ẹ pa ẹ̀rọ, kí ẹ pín bébà. Ẹ ní kí wọ́n ya mólékù tó wà nínú àwọn róbótó tó ń ru sókè láti ìsàlẹ̀ omi tó ń hó. Ẹni tó bá ya háídrójìn sọ́tọ̀, ọ́síjìn sọ́tọ̀, ó wo símúléṣọ̀n, kò rí i. H₂O ṣì ni wọ́n, odindi. Wọ́n kàn jìnnà síra ni.